Gini, P90/P10, ìpín àwọn olówó: òṣùwọ̀n wo ló yẹ ká fi wé àìdọ́gba owó láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀?

Bí ẹnì kan bá sọ pé Sweden wà lára àwọn ibi tí owó ti pín dọ́gba jù láyé, tí ẹlòmíràn sì ní kò sóhun tó jọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì máa sọ òótọ́. Owó-iṣẹ́ ni ẹni àkọ́kọ́ wò; dúkìá ni ẹnì kejì wò, ìyẹn ilé, ilẹ̀ àti ìpín ìdókòwò. Bákan náà ni ti Jámánì. Tí a bá ka owó tó wọlé fún ìdílé kí owó orí tó kúrò níbẹ̀, àìdọ́gba ibẹ̀ kò jìnnà sí ti Amẹ́ríkà. Tí owó orí bá ti kúrò, tí owó ìrànwọ́ ìjọba sì ti wọlé, àwọn méjèèjì ò sún mọ́ra mọ́ rárá. Òṣùwọ̀n tí èèyàn gbé lọ́wọ́ ló ń pinnu orílẹ̀-èdè tó máa gbégbá orókè.

Ìfiwéra yìí wà fún akọ̀ròyìn, akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ẹni tó ń ronú àtilọ ṣiṣẹ́ lókè òkun, tó sì fẹ́ mọ òṣùwọ̀n tó bá ìbéèrè rẹ̀ mu. Àwọn tó wọ́pọ̀ jù la máa gbé yẹ̀ wò. Kò sí èyí tó dára ju ìyókù lọ nínú ohun gbogbo, àmọ́ àwọn kan wà tí wọ́n ń ṣì lò ju àwọn yòókù lọ.

Ohun tó yẹ ká pinnu kí a tó mú òṣùwọ̀n kankan

Owó ta ni à ń kà? Owó-iṣẹ́ jẹ́ ti òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo. Owó tó ń wọlé, bí àwọn onímọ̀ ìṣirò ṣe ń lò ó, jẹ́ ti ìdílé: owó-iṣẹ́, èrè òwò, owó ilé tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ayálégbé, owó ìfẹ̀yìntì, gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Owó-iṣẹ́ lè pín dọ́gba díẹ̀ ní ìlú kan kí owó ìdílé má pín dọ́gba níbẹ̀, torí pé dókítà sábà máa ń fẹ́ dókítà, tí àìmọye ilé mìíràn sì ní òbí kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ àbọ̀ ọjọ́.

Níwọ̀n bí ìdílé ti tóbi jura wọn, wọ́n ní láti pín owó náà kí wọ́n tó fi wéra. OECD, àjọ tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ wà nínú rẹ̀, ń pín in pẹ̀lú nọ́ńbà tí a bá fi ara rẹ̀ lọ́po ara rẹ̀ tó máa jẹ́ iye èèyàn inú ilé. Fún ẹni 4, 2 ni. Fún ẹni 9, 3 ni. Eurostat, àjọ ìṣirò Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ní tirẹ̀ ka àgbàlagbà àkọ́kọ́ sí 1, ẹnikẹ́ni mìíràn tó ti pé ọmọ ọdún 14 sí 0.5, ọmọ tí kò tó bẹ́ẹ̀ sí 0.3. Bàbá, ìyá àti ọmọ kéékèèké méjì máa jẹ́ 2 lọ́dọ̀ OECD, 2.1 lọ́dọ̀ Eurostat. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n tí ọmọ náà bá jẹ́ mẹ́rin, ó di 2.45 àti 2.7. Ìdílé ọlọ́mọ púpọ̀ máa dà bí ẹni tó tòṣì jù nínú ìwé Eurostat, bẹ́ẹ̀ owó kan náà ló wà lápò wọn. Ẹni tó mú nọ́ńbà Faransé látinú ọ̀kan, tó mú ti Amẹ́ríkà látinú èkejì, ti ṣe àṣìṣe kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣáájú owó orí ni àbí lẹ́yìn rẹ̀? Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú, nítorí owó ìfẹ̀yìntì. Ní Sweden, Jámánì àti Faransé, ìjọba ló ń san èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n sì ń kà á mọ́ owó ìrànwọ́. Nítorí náà, tí a bá ka owó ṣáájú ìrànwọ́, arúgbó tó ń gbé ìgbé ayé ìrọ̀rùn ní Stockholm máa hàn bí ẹni tí kò ní kọ́bọ̀. Ní Amẹ́ríkà, púpọ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì ń wá látọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ àti àkáǹtì tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ kó jọ, wọ́n sì ń kà á mọ́ owó tó wọlé ṣáájú ìrànwọ́. Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé àìdọ́gba ilẹ̀ Yúróòpù máa ń fẹ̀ jù bó ṣe yẹ ṣáájú owó orí, agbára ìjọba láti pín owó sì máa ń hàn bí iṣẹ́ ìyanu. Oògùn rẹ̀ kò le: ẹ yan tábìlì àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 18 sí 65 nìkan. OECD ní tábìlì yẹn.

Apá ibo lára àtẹ̀gùn ló jẹ wá lógún? Ìsàlẹ̀, àárín, tàbí téńté òkè? Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo kì í rí gbogbo wọn kedere.

Ibo ni nọ́ńbà ti wá? Ìwádìí láti ilé dé ilé máa ń rí tálákà àti ẹni àárín dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn olówó gidi kì í ṣí ilẹ̀kùn, tí wọ́n bá sì ṣí i, wọ́n á ní owó tí àwọn ń rí kéré. Àkọsílẹ̀ owó orí rí olówó ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ohun tí òfin owó orí bá ní kí wọ́n kọ sílẹ̀ nìkan ló ń rí.

Gini

Corrado Gini, onímọ̀ ìṣirò ará Italy, ló gbé e jáde ní 1912, ó sì bá àwòrán bí owó ṣe pín tí Max Lorenz yà ní Amẹ́ríkà ní 1905 tan. Òdo túmọ̀ sí pé iye kan náà ló ń wọlé fún gbogbo èèyàn. 1 túmọ̀ sí pé ẹnì kan ló kó gbogbo rẹ̀. Àwọn mìíràn ń kọ ọ́ láti 0 dé 100.

Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà lè ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ to owó náà láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà 1, 2, 3 lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lọ́po owó tó wà níwájú rẹ̀, kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ sọ àròpọ̀ náà di ìlọ́po méjì. Ẹ fi iye èèyàn lọ́po àpapọ̀ owó, kí ẹ fi èyí pín ohun tí ẹ ní tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ yọ èsì iye-èèyàn-àti-ọ̀kan pín sí iye èèyàn kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká lo ilé-iṣẹ́ méjì tí òṣìṣẹ́ márùn-ún wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan:

Ilé-iṣẹ́ A: 10, 20, 30, 40, 100
Ilé-iṣẹ́ B: 5, 15, 30, 75, 75

Àpapọ̀ owó jẹ́ 200 nínú méjèèjì. Àròpọ̀ àwọn ìlọ́po náà jẹ́ 800 nínú méjèèjì. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 1600. Ẹ fi 1000 pín in, 1.6 ni, ẹ yọ 1.2 kúrò, ó ku 0.4. Gini A jẹ́ 0.4, ti B náà jẹ́ 0.4. Síbẹ̀ ní A, ẹnì kan ló kó ìdajì owó ilé-iṣẹ́ lọ. Ní B, kò sí ọ̀gá kan tó yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjì tó wà nísàlẹ̀ ò rí ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún pín láàárín ara wọn, nígbà tí àwọn méjì tó wà nísàlẹ̀ A rí 15. Gini sọ fún wa pé àìdọ́gba wà. Kò sọ ibi tó wà.

(Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ dán an wò lórí ilé-iṣẹ́ kékeré: pẹ̀lú èèyàn márùn-ún, Gini kò lè kọjá 0.8 bó ti wù kí ìyànjẹ pọ̀ tó. Ẹ má fi ti ọ́fíìsì ẹlẹ́ni márùn-ún wé ti orílẹ̀-èdè.)

Nínú tábìlì OECD, lẹ́yìn owó orí àti ìrànwọ́, Slovakia wà nísàlẹ̀ pátápátá, kò tó 0.25. Denmark àti Sweden wà láàárín 0.26 sí 0.29. Faransé àti Jámánì wà ní nǹkan bí 0.30, UK ní nǹkan bí 0.35, Amẹ́ríkà sún mọ́ 0.40. Ṣáájú owó orí, Faransé, Jámánì àti Amẹ́ríkà ló ń yí ká 0.50. Ìyàtọ̀ tí kò tó 0.01 láàárín orílẹ̀-èdè méjì kò túmọ̀ sí nǹkankan. Àṣìṣe inú ìwádìí nìkan lè fà á. Àwọn ìwé ìròyìn tó ń kọ “ipò kọkànlá” àti “ipò kejìlá” ń kọ ohun tí nọ́ńbà wọn ò lè gbé.

Orísun sì lè yí i ju bẹ́ẹ̀ lọ. Japan ń ṣe ìwádìí ńlá méjì lórí owó ìdílé, ti 2009 sì fi hàn gbangba: ọ̀kan fún wọn ní 0.34, èkejì fún wọn ní 0.28. Ìyàtọ̀ yẹn tó láti gbé Japan kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ UK lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Sweden. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn elétò ìkànìyàn yí ìwádìí wọn padà ní 1993 tí wọ́n sì gbé iye owó tó pọ̀ jù tí wọ́n lè kọ sílẹ̀ sókè, Gini fò sókè lọ́dún náà. Apá kan nínú fífò náà kì í ṣe pé olówó di olówó sí i. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ owó rẹ̀ tán ni.

Àṣìṣe kan tún wà tó máa ń tàn kálẹ̀ láàárín àwa ọmọ Nàìjíríà. Gini Nàìjíríà nínú ìwé Báńkì Àgbáyé jẹ́ 35.1, látinú ìwádìí 2018 sí 2019. Ti Amẹ́ríkà lé ní 40. Lójú ẹsẹ̀ ẹnì kan á ní owó pín dọ́gba ní Nàìjíríà ju Amẹ́ríkà lọ. Rárá o. Ohun tí ìdílé ná ni wọ́n kà ní Nàìjíríà: oúnjẹ, aṣọ, owó ọkọ̀. Owó tó wọlé ni wọ́n kà ní Amẹ́ríkà. Olówó kì í ná gbogbo owó rẹ̀ tán, tálákà sì máa ń yá owó kó lè jẹun, nítorí náà ìnáwó máa ń dọ́gba ju owó tó wọlé lọ níbi gbogbo láyé. A ò gbọ́dọ̀ tò wọ́n sórí ìlà kan náà.

Ní ti owó àti àkókò, Gini rọrùn: ọ̀fẹ́ ni, ó wà fún orílẹ̀-èdè tó pọ̀ jù, ó sì wúlò fún títọ́ka ọ̀nà tí orílẹ̀-èdè kan ń gbà lọ láti ọdún dé ọdún, tí wọn ò bá ti yí ọ̀nà ìṣirò padà láàárín. OECD yí tirẹ̀ padà ní 2012. Nínú tábìlì wọn ẹ máa rí ìlà kan fún ọ̀nà àtijọ́ àti òmíràn fún ọ̀nà tuntun. Ẹ má so méjèèjì pọ̀ di okùn kan.

P90/P10 owó-iṣẹ́

Ẹ to òṣìṣẹ́ 100 láti orí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù. Ẹni kẹwàá ni P10, ẹni àádọ́ta ni P50, ìyẹn ẹni àárín, ẹni àádọ́rùn-ún ni P90. Ẹ fi owó ẹni kẹwàá pín owó ẹni àádọ́rùn-ún. Fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́, ó sún mọ́ 5 ní Amẹ́ríkà, ó lé díẹ̀ ní 3 ní UK àti Jámánì, ó sì lé díẹ̀ ní 2 ní Sweden.

Ní tiwa, fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ gan-an, òun la máa kọ́kọ́ mú, nítorí ó ṣeé yà sọ́tọ̀ sí méjì, ìyẹn sì ni ohun tí Gini ò lè ṣe. P50/P10 ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó wà nísàlẹ̀. P90/P50 ń sọ ti àwọn tó wà lókè. Ní Amẹ́ríkà láàárín 1981 sí 1990, ìjọba àpapọ̀ fi owó-iṣẹ́ tó kéré jù sílẹ̀ sí dọ́là 3.35 lójú kan náà, owó ọjà sì ń gun òkè. Ọdún wọ̀nyẹn ni apá ìsàlẹ̀ là jìnnà sí àárín. Lẹ́yìn náà, apá òkè ló ń sá lọ. Ní UK, ìsàlẹ̀ sún mọ́ àárín lẹ́yìn tí òfin owó-iṣẹ́ tó kéré jù bẹ̀rẹ̀ ní April 1999 pẹ̀lú pọ́n-ùn 3.60 fún wákàtí kan. Ẹni tó wo nọ́ńbà kan ṣoṣo kò ní rí ìyàtọ̀ yìí.

Kí ló dé tí Sweden fi kéré tó bẹ́ẹ̀? Òfin kọ́, wọn ò ní òfin owó-iṣẹ́ tó kéré jù rárá. Láti 1951 ni àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn, Gösta Rehn àti Rudolf Meidner, ti dábàá pé iṣẹ́ kan náà gbọ́dọ̀ gba owó kan náà, ìbáà jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń jèrè rẹpẹtẹ tàbí èyí tó ń rá kòrò. Lónìí, nǹkan bí òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló wà lábẹ́ àdéhùn tí ẹgbẹ́ bá agbanisíṣẹ́ ṣe. Ẹ má sì rò pé iye ọmọ ẹgbẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ náà. Ní Faransé, bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ni ọmọ ẹgbẹ́, bíi ti Amẹ́ríkà gẹ́lẹ́. Àmọ́ ìjọba Faransé máa ń na àdéhùn náà dé orí gbogbo ilé-iṣẹ́ tó wà nínú iṣẹ́ kan, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gbogbo òṣìṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, kò jìnnà kọjá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn. Tí ẹ bá ń wá ohun tó fa àìdọ́gba owó-iṣẹ́, iye àwọn tí àdéhùn bò ni kí ẹ wò.

Àléébù rẹ̀ kò farasin. Kò rí ẹnikẹ́ni tó wà lókè ẹni àádọ́rùn-ún: owó ọ̀gá àgbà lè di ìlọ́po mẹ́wàá lálẹ́ ọjọ́ kan, P90/P10 ò ní mira. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ àbọ̀ ọjọ́ nínú ọ̀pọ̀ tábìlì, èyí tó burú fún Netherlands níbi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ gan-an. Èyí tó ń tan èèyàn jù ni ti àwọn tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé oúnjẹ àti hòtẹ́ẹ̀lì pa ní Amẹ́ríkà, àwọn olówó-iṣẹ́-kékeré ló kọ́kọ́ lọ, àárín owó-iṣẹ́ àwọn tó kù sì gòkè. Owó ẹnikẹ́ni kò pọ̀ sí i. Tálákà ló jáde nínú ìṣirò. Ní ọdún tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹ gbé iye aláìríṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n yìí, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀.

Ìpín ìdá kan tó wà lókè pátápátá

Òun ló ń sọ iye tí ẹnì kan ṣoṣo tó lówó jù nínú ọgọ́rùn-ún ń kó nínú gbogbo owó tó wọlé ní ìlú. Simon Kuznets ló fi àkọsílẹ̀ owó orí Amẹ́ríkà ṣe é ní 1953. Thomas Piketty àti Emmanuel Saez sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń sọ láti 2003, ó sì wà ní ọ̀fẹ́ lórí World Inequality Database. Ní 1980, ìdá kan yìí ń kó nǹkan bí 10% ní Amẹ́ríkà àti ní Ìwọ̀-Oòrùn Yúróòpù bákan náà. Ní 2016, ó ti di 20% ní Amẹ́ríkà, 12% péré ní Ìwọ̀-Oòrùn Yúróòpù. Ìdajì àwọn ará Amẹ́ríkà tó wà nísàlẹ̀ já láti orí ohun tó lé ní 20% sí 13%. Nínú gbogbo òṣùwọ̀n, kò sí èyí tó fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín etí òkun méjèèjì hàn tó báyìí.

Ṣùgbọ́n òun náà ni òfin owó orí ń gbé ṣeré jù. Ní 1986, Amẹ́ríkà dín owó orí tí èèyàn ń san lórí owó rẹ̀ kù. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò gbé èrè wọn kúrò nínú ìwé ilé-iṣẹ́ wá sínú ìwé ara wọn, nọ́ńbà àwọn olówó sì fò sókè láàárín ọdún méjì. Norway kéde pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí lórí ìpín èrè láti 2006. Àwọn oníṣòwò yára pín èrè tìrìgbàngbà fún ara wọn ní 2005, àìdọ́gba ọdún yẹn sì ga bí òkè kó tó wálẹ̀. Ní UK, kí owó orí 50% tó bẹ̀rẹ̀ ní April 2010, àwọn tó mọ̀wé fa owó ọdún tó ń bọ̀ wá sínú ọdún tó ń lọ. Ẹni tó bá mú ọ̀kan nínú àwọn ọdún wọ̀nyí ṣe ìfiwéra máa sọ ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀. Ẹ mú àárín ọdún mẹ́ta, ó kéré tán.

Àríyànjiyàn sì wà nílẹ̀. Gerald Auten àti David Splinter lo àkọsílẹ̀ owó orí Amẹ́ríkà kan náà, wọ́n pín owó tí kò hàn nínú ìwé lọ́nà mìíràn, èsì wọn sì ni pé lẹ́yìn owó orí, ìpín ìdá kan tó wà lókè kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti àwọn ọdún 1960. Ojú tiwa ni pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín Amẹ́ríkà àti Yúróòpù dájú, bí ó ti fẹ̀ tó gan-an ni ìjà wà lórí rẹ̀. Ẹ lò ó láti sọ ọ̀nà tí nǹkan ń gbà lọ, kí ẹ ṣọ́ra láti fi nọ́ńbà kan búra.

Palma àti S80/S20

Ìbátan ni àwọn méjèèjì, a ò ní pẹ́ lórí wọn. S80/S20, tí Eurostat fẹ́ràn, fi owó ìdá 20 tó wà nísàlẹ̀ pín owó ìdá 20 tó wà lókè. Ní ilé-iṣẹ́ A tó wà lókè yìí, ó jẹ́ 10; ní B, ó jẹ́ 15; ó rí ohun tí Gini ò rí. Palma, tí wọ́n fi orúkọ José Gabriel Palma ará Chile pè, fi owó ìdá 40 tó wà nísàlẹ̀ pín owó ìdá 10 tó wà lókè. Àǹfààní wọn ni pé gbogbo èèyàn ló yé. Àmọ́ ìsàlẹ̀ ìwádìí máa ń kún fún àwọn tí èsì wọn kò pé, oníṣòwò tó jẹ gbèsè lọ́dún náà àti akẹ́kọ̀ọ́ tí bàbá rẹ̀ ń bọ́, ìyẹn sì lè mì S80/S20 tìtì. Palma dúró gírí díẹ̀ jù ú lọ, torí ìdá 40 fẹ̀.

Ìdá olówó-iṣẹ́-kékeré

Èyí ń ka àwọn òṣìṣẹ́ tí owó wákàtí wọn kò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta owó ẹni àárín. Nínú ìwádìí Eurostat ti 2018, ó jẹ́ 15.3% fún gbogbo Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Sweden 3.6%, Portugal 4%, Finland 5%, Italy 8.5%, Faransé 8.6%, Jámánì 20.7%, Latvia 23.5%.

Jámánì ló yẹ ká dúró lé lórí. Wọ́n ti ní òfin owó-iṣẹ́ tó kéré jù láti January 2015, yúró 8.50 fún wákàtí; síbẹ̀ ní 2018 ẹnì kan nínú márùn-ún ṣì wà lábẹ́ ìlà. Òfin náà fi ilẹ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà wà nísàlẹ̀ ìlà ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ìgbà tí wọ́n gbé e dé yúró 12 ní October 2022 ni ó tó fò sókè gidi. Sweden, Finland àti Italy tí kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀ kéré jù ú lọ jìnnà, nítorí àdéhùn ẹgbẹ́.

Portugal sì ni ẹ̀wẹ̀. Má wo 4% kí o rò pé òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń jayé. Owó ẹni àárín fúnra rẹ̀ ló kéré, tí owó-iṣẹ́ tí òfin là sílẹ̀ sì sún mọ́ ọn. Gbogbo òṣùwọ̀n inú ìfiwéra yìí ló ní àléébù kan náà: ìyàtọ̀ ni wọ́n ń wọ̀n, wọn kì í wọ̀n iye owó. Gini Slovakia kéré ju ti Jámánì lọ, síbẹ̀ àwọn ará Slovakia ló ń lọ ṣiṣẹ́ ní Jámánì.

Ìwádìí yìí kì í ka ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 10, kì í ka ọmọ ìkọ́ṣẹ́, ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n sì ń ṣe é. Fún ilé oúnjẹ kékeré àti ìtajà, níbi tí owó kékeré pọ̀ sí, ojú rẹ̀ kò tó o.

Ohun kan ṣẹ́kù tí kò sí èyí tó rí i nínú gbogbo òṣùwọ̀n ìdílé: àlàfo láàárín owó ọkùnrin àti ti obìnrin. Ní Japan, owó obìnrin àárín fi ohun tó lé ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ọkùnrin. Ní South Korea ó tó nǹkan bí 30. Gini ìdílé pò owó tọkọtaya pọ̀, àlàfo náà sì pòórá. Tábìlì ọ̀tọ̀ ni kí ẹ wá fún ìyẹn.

Ibi tí a ti lè rí wọn

OECD ló yá jù fún ẹni tó fẹ́ fi Amẹ́ríkà, Japan àti Yúróòpù sójú kan. Ọ̀fẹ́ ni, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Eurostat kún ju bẹ́ẹ̀ lọ fún Yúróòpù, àmọ́ kò bo Amẹ́ríkà. Luxembourg Income Study, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1983, ni èyí tó ṣeé gbára lé jù láàárín àwọn ìwádìí ilé dé ilé, torí wọ́n tún ìwádìí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tò kó lè bá ara mu. Ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ kọ ètò yín ní R, Stata, SAS tàbí SPSS ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà wọn. Èsì nìkan ló ń padà wá, dátà fúnra rẹ̀ kì í kúrò lọ́dọ̀ wọn. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá sí àyè fún ìyẹn, àwọn nọ́ńbà pàtàkì wọn wà níta fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ sá fún dída nọ́ńbà àjọ orílẹ̀-èdè pọ̀ mọ́ ti àjọ àgbáyé. Nọ́ńbà tí àjọ ìṣirò Sweden ń gbé síwájú ka èrè orí títa ilé àti ìpín ìdókòwò. OECD kò kà á. Gini Sweden máa ń ga sí i lọ́dọ̀ ará ilé. Ní ti dúkìá, láti ìgbà tí Sweden ti fagi lé owó orí dúkìá ní 2007, wọn ò kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí náà nọ́ńbà dúkìá Sweden fún ọdún àìpẹ́ yìí jẹ́ ìfojúbù.

Ta ni kó mú èwo

Akọ̀ròyìn tó ní àyè fún nọ́ńbà kan ṣoṣo: Gini lẹ́yìn owó orí, látọ̀dọ̀ OECD, ọdún kan náà fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Tó bá ní àyè fún méjì, kó fi ìpín ìdá kan tó wà lókè sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ nípa agbára owó orí àti owó ìrànwọ́: Gini ṣáájú àti lẹ́yìn, fún ọjọ́ orí 18 sí 65 nìkan, láti Luxembourg tó bá lè ṣe é.

Òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ tó ń lọ bá agbanisíṣẹ́ jókòó: P50/P10 àti P90/P50 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú iye àwọn tí àdéhùn bò. Gini kò ní ràn án lọ́wọ́ nínú yàrá yẹn, agbanisíṣẹ́ á kàn ní ọ̀rọ̀ ìjọba ni.

Ẹni tó ń bá àwọn ọlọ́rọ̀ àti òfin owó orí wọn jà: ìpín òkè, àárín ọdún mẹ́ta, kó sì ti ka èsì Auten àti Splinter kí ẹlòmíràn tó kà á fún un.

Ẹni tó ń múra àtijáde nílé kó lọ ṣiṣẹ́: kó pa Gini tì. Kó béèrè iye tí òfin ní kí wọ́n san fún wákàtí kan àti bó ṣe sún mọ́ owó ẹni àárín tó. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní UK, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń ṣe, máa ń san ohun tí kò jìnnà sí owó tí òfin là sílẹ̀; ní April 2024 iye náà jẹ́ pọ́n-ùn 11.44, ìyẹn ìdá méjì nínú mẹ́ta owó ẹni àárín. Ní Amẹ́ríkà, dọ́là 7.25 ni ìjọba àpapọ̀ fi sílẹ̀ láti July 2009. Texas ò fi kọ́bọ̀ lé e, nítorí náà òun ló wà ní Houston. Ní California lọ́dún 2024 kan náà, dọ́là 16 ni. Orílẹ̀-èdè kan, Gini kan, owó wákàtí méjì tí ọ̀kan ju ìlọ́po méjì èkejì lọ. Kó tún béèrè owó ilé ìlú tó ń lọ kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.